Ọmọdé, Eré Ìje Agbedeméjì àti Pápá Ìlú Èkó

Bí ènìyàn bá jókòó ti ìtàn eré ìje ilẹ̀ Nàìjíríà, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí i pé eré kúkúrú àti ìfò ni ó gba ìtàn náà kan. Ní ọdún 1952, nígbà tí ilẹ̀ wa kọ́kọ́ rán ènìyàn lọ sí ìdíje Òlíńpíìkì ní ìlú Helsinki, àwọn olùfò àti àwọn asáré kúkúrú ni a rán lọ. Ní ọdún 1954, ní ìlú Vancouver ní ilẹ̀ Kánádà, Emmanuel Ifeajuna fo ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 8 sókè, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ wúrà. Níbẹ̀ kan náà ni àwọn asáré wa mẹ́rin ti gba fàdákà nínú eré ìje tí wọ́n ń fi ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́. Láti ìgbà náà wá, a ti gba oríṣiríṣi àmì ẹ̀yẹ ní Òlíńpíìkì, ṣùgbọ́n títí di òní yìí, kò sí ọmọ Nàìjíríà kan tí ó gba ọ̀kan nínú eré ìje tí asáré kan fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sá ju mítà 400 lọ.

Kí ni ó fà á? Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni mí, ìbéèrè náà kì í sì í ṣe ti àwàdà lọ́kàn mi. Láti Ẹnu-Ọ̀wá títí dé Ìdúmọ̀tà, láti Òkè-Àrìn títí dé Ìtá Fájì, kò sí ọ̀nà kan tí ọmọdé kì í sáré gbà kọjá láti òwúrọ̀ di alẹ́. Bí ìyá bá rán ọmọ níṣẹ́, eré ni. Bí bọ́ọ̀lù mọ́ńkì-pósì bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ilé méjì, eré ni. Bí Èyò bá sì jáde, ẹni tí ó bá gbàgbé bọ́ sálúbàtà rẹ̀ mọ̀ dájú pé eré nìkan ni ó lè gba òun lọ́wọ́ ọ̀pámbátá. Ọmọ tí ó dàgbà láàárín irú wa kò lè ṣe aláìmọ eré í sá.

Ìdáhùn tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn kò ju méjì lọ. Àwọn kan ní Ẹlẹ́dàá ni ó pín in bẹ́ẹ̀: ó fún àwọn ará Kẹ́ńyà ní èémí, ó fún àwa ní agbára itan. Àwọn kejì ní ilẹ̀ wa ni kò ga, pé òkun àti ọ̀sà ni ó yí wa ká, àti pé orí òkè ni wọ́n ti ń rí asáré ọ̀nà jíjìn. Mo fẹ́ fi ìtàn dán ìdáhùn méjèèjì wò. Èrò tèmi ni pé ohun mẹ́ta ni ó ń sọ ọmọ tí a bí ire mọ́ di asáré agbedeméjì: ọ̀pọ̀ ọdún, ilẹ̀ tí ó tó sá, àti àgbàlagbà tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dá ọmọ dúró. Ọmọ kò wọ́n wa ní erékùṣù Èkó. Àwọn ohun mẹ́ta yìí ni ó wọ́n wa.

Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n sọ ohun tí mò ń pè ní eré agbedeméjì. Eré mítà 800 ni, àti ti mítà 1,500, àti ti máìlì kan. Ẹni tí ó bá ń sá mítà 800 yóò yí pápá po lẹ́ẹ̀méjì; ẹni tí ó bá ń sá máìlì yóò yí i po lẹ́ẹ̀mẹ́rin àti díẹ̀ sí i. Eré yìí kò kúrú tó kí ènìyàn fi agbára lásán parí rẹ̀, kò sì gùn tó kí ó fi sùúrù lásán parí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ara sọ pé nínú mítà 800, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára tí ara ń lò ni ó ń ti inú afẹ́fẹ́ tí à ń mí símú wá; nínú mítà 1,500, ó tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Ìyókù ni agbára òjijì, irú èyí tí ẹni tí ajá ń lé máa ń lò. Ẹsẹ̀ yíyá ni a fi ń bí asáré kúkúrú; ṣùgbọ́n asáré agbedeméjì ní láti ní ẹsẹ̀ yíyá, kí ó tún fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bí ẹni ń mọ ilé alámọ̀, tí ìpele kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e.

Ìlú Èkó ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, Èkó gba gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà lálejò fún Eré Ìdárayá Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà ẹlẹ́ẹ̀kejì, ní pápá ìṣeré ńlá tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sí Sùúrùlérè. Sùúrùlérè kì í ṣe ibi àjèjì fún ará Ìsàlẹ̀ Èkó. Láti ọdún 1955 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé ní àárín erékùṣù, nínú ètò kan tí wọ́n ṣe fún nǹkan bí éékà 70 ilẹ̀, tí wọ́n sì ń kó àwọn tí ilé wọn wó lọ sí Sùúrùlérè. Nítorí náà, kì í ṣe ènìyàn díẹ̀ ní àgbègbè pápá tuntun náà ni ó jẹ́ pé erékùṣù ni ilé bàbá wọn.

Ẹni tí gbogbo ayé ń wò nínú mítà 1,500 ni Kipchoge Keino, ọlọ́pàá ará Kẹ́ńyà. Ní ọdún 1968, ní Mexico City, òun ni ó fi Jim Ryun ará Amẹ́ríkà sẹ́yìn gba wúrà mítà 1,500. Ní ọdún 1972, ní Munich, ó tún gba wúrà nínú eré mítà 3,000 tí wọ́n ń fo igi àti omi kọjá, ó sì gba fàdákà nínú mítà 1,500. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tí ó dé Èkó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀ láti ilẹ̀ Tanzania, Filbert Bayi ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún 19. Ní Munich, ìpele àkọ́kọ́ gan-an ni wọ́n ti já a kúrò nínú mítà 1,500. Ní Èkó, ó sá a ní ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 37.2, ó sì fi Keino sí ipò kejì. Bí a bá ń wá ibi tí àgbà asáré ilẹ̀ Áfíríkà ti fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ọmọdé, ìlú wa ni.

Ọmọ náà kò sì dúró níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 1974, ní Christchurch ní ilẹ̀ New Zealand, ó bọ́ síwájú láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lé e bá. Ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 32.2 ni, ó sì yá ju ti ẹnikẹ́ni tí ó ti sá a rí lọ láyé. John Walker tí ó ṣe ìkejì pàápàá yá ju èyí tí Ryun ti sá ní ọdún 1967 lọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1975, ní Kingston ní Jàmáíkà, Bayi sá máìlì kan ní ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 51.0, ó sì gba ti máìlì náà lọ́wọ́ Ryun pẹ̀lú.

Ohun kan wà nínú eré ọdún 1973 yìí tí a kì í sábà rántí. Àwa náà ní ọmọdé tí ó ṣe bẹbẹ níbẹ̀. Modupe Oshikoya, ọmọ ọdún 18, gba wúrà mẹ́ta: ti ìfò gígùn, ti ìfò sókè, àti ti mítà 100 tí wọ́n ń fo igi kọjá. Pápá kan náà ni, ọ̀sẹ̀ kan náà ni, ọ̀dọ́ méjì tí kò tíì pé ogún ọdún ni. Ti Tanzania sá eré agbedeméjì. Tiwa fò, ó sì sá eré kúkúrú. Ẹni tí ó bá sọ pé Ẹlẹ́dàá kò fún ọmọ wa ní ẹ̀bùn ti purọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀bùn ṣe ni ó yàtọ̀.

Ẹnì kan lè dá mi lóhùn pé, “Bayi dàgbà lórí ilẹ̀ gíga ní Karatu, Keino sì dàgbà lórí òkè Nandi, ìwọ fi wọ́n wé ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó.” Òótọ́ ni pé ilẹ̀ gíga ń ṣe asáré ní àǹfààní. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ń gbé ibẹ̀ a sì kọ́ láti gbé afẹ́fẹ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ gíga bá jẹ́ ọ̀nà kan, kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀nà. Auckland jẹ́ ìlú etí òkun. Níbẹ̀ ni Arthur Lydiard, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ bàtà, ti kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò rẹ̀ ní eré sísá, tí méjì nínú wọn, Peter Snell àti Murray Halberg, sì gba wúrà Òlíńpíìkì ní Rome ní ọjọ́ kan ṣoṣo ní ọdún 1960. Santiago de Cuba jẹ́ ìlú etí òkun, oòrùn ibẹ̀ kò sì sàn ju tiwa lọ. Láti ibẹ̀ ni Alberto Juantorena ti wá, tí ó gba wúrà mítà 400 àti ti mítà 800 pọ̀ ní Montreal ní ọdún 1976. Láìpẹ́ yìí, ní oṣù kẹta ọdún 2025, ọmọ ọdún 15 kan láti Tauranga, ìlú èbúté ní New Zealand, Sam Ruthe, sá máìlì kan ní ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 58.35. Kò sí ọmọ ọdún 15 tí ó ti sá a láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin rí.

Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ wa jù lọ wà ní ilẹ̀ Áfíríkà níbí. Maputo ni olú-ìlú Mozambique. Òkun ni ó wà lẹ́nu rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lẹ́nu Èkó. Ní àdúgbò àwọn tálákà kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Chamanculo ni wọ́n ti bí Maria Mutola ní ọdún 1972. Bọ́ọ̀lù ni ó ń bá àwọn ọmọkùnrin gbá, ó sì gbá a jù wọ́n lọ. Kí ẹgbẹ́ wa tí ó fẹ́ràn ìwé yìí fetí sílẹ̀ dáadáa: akéwì ni ó rí ọmọ náà. José Craveirinha, àgbà nínú àwọn akéwì Mozambique, ni ó wò ó lórí pápá bọ́ọ̀lù tí ó sì sọ pé asáré ni ọmọ yìí. Stelio ọmọ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ kọ́ ọ. Ara ríro ọjọ́ àkọ́kọ́ pọ̀ dé ibi pé ọmọbìnrin náà fẹ́ fi eré sílẹ̀ padà sídìí bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 1988 kan náà, wọ́n mú un lọ sí Òlíńpíìkì ní Seoul, ọmọ ọdún 15. Ìpele àkọ́kọ́ ni wọ́n ti já a.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń parí ni ibí yìí, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1991, ó rí owó ẹ̀kọ́ gbà láti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ Òlíńpíìkì, ó sì lọ sí ilé-ìwé gíga kan ní Springfield ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, níbi tí olùkọ́ kan, Margo Jennings, ti gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ní ọdún 1993, ó di aṣáájú gbogbo ayé nínú mítà 800. Ní ọdún 1996, idẹ ni ó gbà ní Atlanta. Ní ọdún 2000, ní Sydney, ó gba wúrà Òlíńpíìkì, ọmọ ọdún 27. Ó ṣì ń sáré ní Beijing ní ọdún 2008. Láti ọdún 1988 sí ọdún 2008, ogún ọdún gbáko ni. Òlíńpíìkì mẹ́fà ni ó lọ. Kì í ṣe wúrà Sydney ni ó jọ mí lójú jù, bí kò ṣe ọdún méjìlá tí ó wà láàárín Seoul àti Sydney, tí àwọn àgbàlagbà tí ó yí i ká kò fi sọ pé ọmọ náà ti kùnà.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo bí wọ́n ti ń kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ìtàn fi hàn wá. Èkíní ti Jámánì wá. Láàárín ọdún 1930 sí 1939, olùkọ́ kan, Woldemar Gerschler, bẹ̀rẹ̀ sí gé eré sí wẹ́wẹ́: kí asáré sá mítà 200 kíákíá, kí ó dúró títí ọkàn rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀ dé ìwọ̀n tí olùkọ́ fẹ́, kí ó tún sá òmíràn. Rudolf Harbig tí ó kọ́ sá mítà 800 ní ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 46.6 ní ọdún 1939, ó sì tó ọdún 16 kí ẹnikẹ́ni tó borí rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni ti Lydiard. Òun ní kí asáré kọ́kọ́ fi ọ̀pọ̀ oṣù sá ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú ìrọ̀rùn, kódà kí ó tó 100 máìlì lọ́sẹ̀ fún àgbàlagbà. Ìgbà tí ìpìlẹ̀ bá le tán ni kí ó tó kọ́ eré kíákíá.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ lónìí pa ọ̀nà méjèèjì pọ̀. Ní ti ọmọdé, wọ́n ń fi ìkìlọ̀ kún un. Orí egungun ọmọ tí ó ń dàgbà kò tíì gbó. Bí a bá di ẹrù eré lé e lójijì, ojúgun rẹ̀ lè sán. Ọmọbìnrin tí kò bá jẹun tó ẹrù iṣẹ́ tí a dì lé e, nǹkan oṣù rẹ̀ a dá, egungun rẹ̀ a sì di ẹlẹgẹ́. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ eré ọmọdé gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí ó lè máa sọ̀rọ̀ lẹ́nu bí ó ti ń sá a. Eré kíákíá kí ó jẹ́ díẹ̀. Oorun kí ó pọ̀. Kí á sì fi díẹ̀díẹ̀ kún un, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kí ó sì máa gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ.

Ìkìlọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Jim Ryun tí mo ti dárúkọ, ọmọ ilé-ìwé ni ó wà ní ìlú Wichita nígbà tí olùkọ́ rẹ̀, Bob Timmons, sọ fún un pé yóò sá máìlì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ọmọ yìí kò rí àyè nínú bọ́ọ̀lù aláfọwọ́jù, kò sì rí i nínú ti agbọ̀n. Timmons a máa ní kí ó sá yáàdì 440 ní ìgbà 40 ní ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 1964, ọmọ ọdún 17, ó sá máìlì ní ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 59.0, ipò kẹjọ ni ó gbà, ṣùgbọ́n òun ni ọmọ ilé-ìwé gíga àkọ́kọ́ tí ó ṣe é ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1966, ó yá ju gbogbo ayé lọ. Ní ọdún 1969, ọmọ ọdún 22, láàárín ìdíje máìlì kan ní Miami, ó kàn dúró, ó sì rìn kúrò lórí pápá. Ó ju ọdún kan lọ kí ó tó tún díje. Ẹ̀bùn rẹ̀ kò tán. Ọkàn ni ó rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan náà wà ní Amẹ́ríkà, Mary Decker. Ní ọdún 1973, ọdún tí Bayi borí ní Èkó, ọmọ ọdún 14 ni, ó sì borí àwọn àgbà obìnrin ilẹ̀ Soviet nínú mítà 800 ní ìlú Minsk. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 12, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, ó ti sá eré máìlì 26, ó sì tún díje nínú àwọn eré kúkúrú àti ti agbedeméjì. Kò tó ọdún díẹ̀ tí ojúgun rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè sáré mọ́, títí wọ́n fi fi ọ̀bẹ là á fún ìwòsàn. Ó padà bọ̀ sípò, ó sì gba wúrà méjì nínú ìdíje gbogbo ayé ní Helsinki ní ọdún 1983; ṣùgbọ́n àwọn ọdún tí ó sọnù sáàárín kò ṣeé rà padà. Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni ó ti ń ṣe ẹnu ṣámúṣámú. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa tí wọ́n pa òwe yìí kò sọ pé kí á fipá ya ẹnu náà.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ẹnì kan lè sọ pé bí eré agbedeméjì bá ń ṣe ọmọ báyìí, ó dára bí Èkó kò ti bá wọn dá sí i. N kò gbà. Ìdí ni pé àwa náà ń yára jù, ọ̀nà tiwa ni ó yàtọ̀. Ẹ wo eré ìdárayá ọdọọdún ní àwọn ilé-ìwé wa: ilé aláwọ̀ pupa, ilé aláwọ̀ ewé, ilé aláwọ̀ búlúù, ilé aláwọ̀ ìyeyè. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà ni wọ́n ń mú ọmọ jáde sí pápá. Olùkọ́ a tò wọ́n, a ní kí wọ́n sá mítà 100, a sì mú àwọn tí ó ṣíwájú. Ọmọ tí ó ṣe ìkẹrin tàbí ìkarùn-ún padà sí kíláàsì, eré rẹ̀ parí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ó lè jẹ́ òun gan-an ni asáré máìlì inú wọn. Mo ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì ti rí i pé bí eré tí ó gùn bá bẹ̀rẹ̀, àwọn ènìyàn a yíjú sí ọ̀rọ̀ tiwọn, a fi di ìgbà tí àwọn ọmọ bá ń yípo ìkẹyìn. Àwọn àgbàlagbà kan tún wà tí wọ́n ń gé ọjọ́ orí ọmọ kù kí ó lè borí àwọn tí ó kéré sí i. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò tan ẹlòmíràn jẹ tó bí ó ti tan ọmọ náà jẹ, nítorí kò sí olùkọ́ tí ó lè di ẹrù tí ó yẹ lé ọmọ tí kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Ìyẹn ni ti ọdún àti ti àgbàlagbà. Ó ku ti ilẹ̀. Erékùṣù Èkó kò ṣaláìní pápá látijọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ King's College, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1909, ilẹ̀ gbalasa kan wà tí gbogbo ìlú ń pè ní Race Course. Ẹṣin ni ó ń sáré níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ènìyàn náà sáré níbẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé-ìwé Èkó ti ń péjọ fún ayẹyẹ àti eré ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún nígbà tí Òyìnbó ń ṣe Empire Day. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fa àsíá òmìnira wa sókè ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1960. Ní ọdún 1972, ìjọba sọ ibẹ̀ di Tafawa Balewa Square, wọ́n sì fi kọnkéré àti ìjókòó yí i ká. N kò sọ pé ohun tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ kò dára. Ohun tí mò ń tọ́ka sí ni pé ní àkókò tí a ń parí pápá ńlá fún àwọn akọni ní Sùúrùlérè, a gba pápá ọmọdé ní erékùṣù. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni Bayi dé.

Àwọn ilé-ìwé náà ti ń lọ ṣáájú ìgbà náà. CMS Grammar School, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní erékùṣù ní ọdún 1859, kó lọ sí Bàrígà ní ọdún 1959, ní pípé ọgọ́rùn-ún ọdún rẹ̀. Baptist Academy náà kúrò ní erékùṣù lọ sí òkè ọ̀sà. Ibi tí àyè wà ni wọ́n lọ, kò sì sí ẹni tí ó lè bá wọn wí. Pápá King George V tí ó wà ní Onikan ṣì wà, Mobolaji Johnson Arena ni wọ́n ń pè é nísinsìnyí. Bọ́ọ̀lù ni ó sì jẹ́ olórí iṣẹ́ rẹ̀. Ní ti pápá Sùúrùlérè tìkára rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi pa á tì tí koríko fi gba ibi tí Bayi àti Keino ti jọ sáré. Báyìí ni ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ṣe wà láàárín ilé àti ọjà, tí ó ń sá 30 mítà, tí ó ń yà fún alábàárù, tí ó tún ń sá 20. Irú eré bẹ́ẹ̀ ń kọ́ ọmọ bí a ti ń yà kíákíá. Kò lè kọ́ ọ bí a ti ń bá eré lọ.

Kí ni ṣíṣe? N kò bẹ̀bẹ̀ fún pápá wúrà. Ọ̀nà Marina tẹ́jú, ó sì gùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí ọkọ̀ tó dé, ogún ọmọ lè sáré níbẹ̀ pẹ̀lú olùkọ́ kan, bí ọlọ́pàá bá bá wọn dí ojú ọ̀nà fún wákàtí kan. Kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tí ó ń kọ iye ìṣẹ́jú tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi sá mítà 800 sí, kí ìwé náà sì máa bá ọmọ lọ láti ọmọ ọdún 11 títí yóò fi jáde. Kí á máa fi ọmọ wé ara rẹ̀ ti ọdún tí ó kọjá, kí á yé fi í wé ẹni tí ó gba ife lónìí. Kí á fi ọjọ́ orí tòótọ́ sínú ìwé náà. Kò sí èyí tí ó gba owó púpọ̀ nínú wọn. Ohun tí ó gbà ni àgbàlagbà kan tí yóò dúró, tí kò ní bínú bí ọmọ bá ṣe ìkẹjọ, tí yóò sì lè sọ fún ọmọ tí ó ń borí pé ó tó fún òní, máa lọ sílé lọ jẹun.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ni ó ń le koko. Bí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó kan bá sá máìlì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin ní ọmọ ọdún 17, inú mi yóò dùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá a kọ́ ọ dáadáa, n kò ní béèrè ohun tí ó sá ní ọmọ ọdún 17. Ohun tí n óò béèrè ni bóyá ó ṣì ń sáré ní ọmọ ọdún 27, bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì gbà á, àti bóyá inú òun fúnra rẹ̀ ṣì ń dùn sí i.